Òrí Ọmọ, Òrí Àga

Ní ọdún tí ogun Jámánì ń jà lókè òkun, bí ẹ bá dé Ṣakí tí ẹ béèrè ilé Gbádébọ̀ olówò òrí, kò sí ẹni tí kò ní júwe rẹ̀ fún yín. Kì í ṣe pé Gbádébọ̀ ló lówó jù nílùú. Àga rẹ̀ ni. Ó ní àga kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń ti Ìgbòho wá wò, wọn a dúró yí i ká, wọn a kawọ́ sẹ́yìn, wọn a máa mi orí.

Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan ló fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é pé kó máa bọ̀ wá jagun nílùú wọn, Gbádébọ̀ ló bá a wá àwọn aláàárù tó ru ẹrù rẹ̀ lọ. Òyìnbó ní òun kò lè gbé àga lọ sójú ogun, ó bá fi ta Gbádébọ̀ lọ́rẹ. Àga náà fẹ̀, ó ní apá méjì, wọ́n ki irun ẹṣin sí i nínú, wọ́n sì fi awọ bò ó látòkè délẹ̀. Awọ náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Kò pupa, kò dúdú. Àwọ̀ ògì ló ní, ògì àgbàdo funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń gbé nǹkan aláwọ̀ ògì wá sí ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa, tí ọyẹ́ ń fẹ́ erùpẹ̀ rẹ̀ bọ inú àwo ọbẹ̀? Òyìnbó ni. Ó gbé e sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Obìnrin tí ìtàn yìí jẹ́ tirẹ̀ ń jẹ́ Ojúọlá. Ìyàwó Ìyápọ̀ ni tẹ́lẹ̀, Ìyápọ̀ sì jẹ́ àbúrò Gbádébọ̀. Nígbà tí Ìyápọ̀ kú, ẹbí ṣú Ojúọlá lópó fún Gbádébọ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ṣubúọlá, tí Gbádébọ̀ fi fọ́kọ ní Tẹ̀dé, nínú ilé ọ̀rẹ́ òwò rẹ̀ kan. Nítorí ọmọ yìí ni gbogbo ilé ṣe ń pe Ojúọlá ní Ìyá Ṣubú. Kò fẹ́ràn Gbádébọ̀, kò sì kórìíra rẹ̀. Ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń dá a lóhùn, ọkàn rẹ̀ sì ń bẹ ní Tẹ̀dé.

Ọmọ oníṣọ̀nà awọ ni. Jẹ́ẹ́dé, baba rẹ̀, ló máa ń rán tìmùtìmù tí àwọn àgbààgbà ń jókòó lé, àwọn kan pupa, àwọn kan funfun. Àwọn funfun yìí, ọwọ́ Ojúọlá ni baba rẹ̀ máa ń fi wọ́n sí láti kékeré, nítorí ó ní ọwọ́ ọmọ náà kì í làágùn. Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀ kò wúlò fún un lọ́dún púpọ̀. Ìgbà tó wá wúlò, ìbá sàn kó má wúlò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí àga dé, ó ti dọ̀tí. Ni àwọn obìnrin ilé bá gbé e síta, wọ́n da omi lé e, wọ́n fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn bó o, wọ́n sì sá a sóòrùn. Nígbà tí Gbádébọ̀ ti oko dé, awọ àga ti gan, ó le gbagidi, ó ti ń sán létí. Gbádébọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ojúọlá ń kọjá lọ ní tirẹ̀, ó gbé omi lérí. Kí ló dé tí kò kọjá? Ó dúró, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń fi ọṣẹ dúdú bó awọ?" ló wí. "Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni?"

Gbádébọ̀ gbójú sókè. "Ìwọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Gbólóhùn kan péré. Mo ti rí ẹni tí wọ́n mú lójú ogun tí kò sọ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dè é.

Ó gbé àga kúrò lóòrùn. Ó fi aṣọ òwú gbígbẹ nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, kò tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ó rẹ aṣọ mìíràn sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fún un títí omi kò fi kán mọ́, ó fi nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi èyí tó gbẹ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ọ̀rá orí Gbádébọ̀ ti mọ́ ọn lára, ó lọ ẹfun kúnná, ó bù ú lé e, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹfun lè fa ọ̀rá náà mu, ó wá gbọ̀n ọ́n dànù. Lẹ́yìn náà ló mú òrí. Kì í ṣe òrí tí wọ́n fi ń dín àkàrà o. Òrí tó mọ́ ni, tí kò ní iyanrìn kankan. Ó fi ìka bù ú tó hóró ẹ̀wà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, ó wá ń fi í ra awọ náà díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ra ọmọ tuntun lára. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, awọ rọ̀, ó padà sí àwọ̀ ògì rẹ̀.

Gbádébọ̀ pe gbogbo ilé jọ. Ó ní, "Ẹ wò ó. Láti òní lọ, ọwọ́ mìíràn kò gbọdọ̀ kan àga yìí àfi ọwọ́ Ìyá Ṣubú. Èmi náà, ìdí ni n ó máa fi kàn án." Ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kí Ojúọlá kú iṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín gbẹ̀yìn. Kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì mọ́ òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àlejò máa ń pọ̀, nítorí náà gbogbo Àlàmísì ni Ojúọlá gbọ́dọ̀ wà nídìí àga. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ a máa sán, a sì máa fẹ́ òrí lọ́jọ́ kejì kejì. Bí òjò bá dé, awọ a máa bu, wọn a ní kó máa ṣí i sí atẹ́gùn láàárọ̀, kó sì gbé e wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Ẹnìkan á fi ẹnu tó kún fún obì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹnìkan á ta tábà sí i. Ìyàwó tuntun kan tó kun osùn láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ jókòó lé e kí wọ́n tó gbé e dìde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ojúọlá fi wà nídìí èyí nìkan. Àbúrò ìyá rẹ̀ kú ní Ìsẹ́yìn. Kò lè lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbéyàwó ní Ìgbòho. Kò lè lọ. Ìgbàkígbà tó bá kúnlẹ̀ tọrọ àyè, ìbéèrè kan náà ni Gbádébọ̀ máa ń bi í, ohùn rẹ̀ á tutù bí ẹni tí kò ní ibi kan nínú: "Ìyá Ṣubú, ta ni kó wá tọ́jú àga?"

Bí ènìyàn bá bú ni, a lè bú u padà. Èyí tó ń yìn ọ́ bó ṣe ń dè ọ́ mọ́lẹ̀, kí lo fẹ́ sọ fún un?

Kí ó sá lọ ńkọ́? Ẹ má rò pé kò rò ó. Ṣùgbọ́n ibo ni á sá lọ tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ nílé ọ̀rẹ́ Gbádébọ̀. Bó bá sá dé Tẹ̀dé, lọ́jọ́ kejì ni wọ́n á dá a padà, àwọn ìyálé Ṣubúọlá á sì rí ohun tí wọ́n á máa fi bú u títí ayé: ọmọ ẹni tó kọ ilé ọkọ sílẹ̀. Ìyá kan kò ní gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ ru ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún kejì àga, Mùílì mú ìròyìn wá. Alájàpá ni Mùílì, òun ló máa ń gbé iyọ̀ láti Ṣakí lọ sí Tẹ̀dé. Ó ní Ṣubúọlá ti lóyún, oyún náà sì ti kọjá oṣù márùn-ún.

Ojúọlá fi ìka kà á. Oyún kẹta nìyí. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Nígbà tí èkejì bàjẹ́, ìyẹn kí àga tó dé, ó lọ sí Tẹ̀dé, ó bá ọmọ rẹ̀ lórí ẹní tó kọjú sí ògiri, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ojúọlá sùn tì í lẹ́yìn, ó dì í mú, ó sì sọ fún un pé, "Èyí tó ń bọ̀, ọwọ́ mi ni yóò bọ́ sí. Èmi ni n ó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Mo ṣèlérí fún ọ." Ìlérí yẹn ló gbé Ṣubúọlá dìde.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jọ: kànrìnkàn tuntun, ọṣẹ dúdú, osùn díẹ̀, àjákù aṣọ òfì tó ti rọ̀. Inú ilé olówò òrí ló wà, òrí kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣa èso òrí nínú ìgbẹ́, ó sá a, ó pa á, ó gún un, ó pò ó títí apá rẹ̀ fi ro, ó sì sè é títí ó fi mọ́ lóló. Ó rọ ọ́ sínú igbá ọlọ́mọrí kékeré kan, ó fi òwú so ó. Ó sọ fún Àwáwù, ìyàwó kékeré ilé, pé, "Òrí ọmọ nìyí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i."

Nígbà tó ku oṣù méjì, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Gbádébọ̀.

"Inú mi dùn, Ìyá Ṣubú," ni Gbádébọ̀ wí. "Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kó wá tọ́jú àga?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ìdáhùn. "Àwáwù ni, Baba. N ó kọ́ ọ."

Gbádébọ̀ rò ó. "Kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó bá mọ̀ ọ́n, máa lọ."

Ó kọ́ Àwáwù fún ogún ọjọ́. Ọwọ́ Àwáwù dára, ó sì ní sùúrù. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bu òrí. Ní Àlàmísì ìdánwò, òun nìkan ló tọ́jú àga, Ojúọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kawọ́ sẹ́yìn. Gbádébọ̀ tẹ̀ síwájú, ó wò ó yíká, ó wo ìdí, ó wo ẹ̀yìn, ó mi orí pé ó dára. Ojúọlá ti ń fojú inú rí òkè tó wà lójú ọ̀nà Tẹ̀dé.

Ṣùgbọ́n ẹfun kan kù lábẹ́ apá òsì àga, níbi tí awọ ti ká wọlé. Ó tín-ín-rín, kò ju òwú lọ. Gbádébọ̀ kò rí i. Àwáwù kò rí i. Ojúọlá rí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ kan dáadáa, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ojú náà padà síbẹ̀. Kó tó mọ̀, ìka rẹ̀ ti jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó ti nà án sí abẹ́ apá àga, ó ti nu ẹfun náà kúrò.

Gbádébọ̀ yíjú sí i. "Ó kù díẹ̀ fún un, àbí?"

"Rárá, Baba. Ó ti mọ̀ ọ́n."

"Kí ni ìka rẹ wá ń ṣe níbẹ̀?"

Ojúọlá fa ìka náà padà. Gbádébọ̀ sì tún bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí i ti àtẹ̀yìnwá. "O rí i, ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé kò tíì tó. Tún kọ́ ọ fún oṣù kan sí i." Oṣù kan! Oyún tó ku oṣù kan àti díẹ̀, ó ní kí wọ́n fi oṣù kan kọ́ ènìyàn ní àga. Ojúọlá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó wo ìka rẹ̀ ọ̀hún, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ gé e dànù.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n tó burú ti dé sí i lórí. Ó rò ó pé kì í ṣe Gbádébọ̀ ló di òun mú, funfun ni. Baba rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé awọ pupa kì í dọ̀tí. Tìmùtìmù pupa kò fẹ́ olùtọ́jú. Ènìyàn á jókòó lé e fún ogún ọdún, kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tó nù ún. Bí apá kan àga yìí bá pupa, Gbádébọ̀ á ní láti jẹ́ kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ láró pupa. Bó bá sì ti pupa tán, ẹnikẹ́ni lè fi àkísà nù ún, òun á máa lọ.

Àsìkò ìkórè ọkà bàbà ni. Èèpo pupa ara pòròpórò bàbà yìí ni baba rẹ̀ fi ń pa awọ láró. Nígbà tí gbogbo ilé ti lọ sóko, ó ṣa èèpo náà, ó sè é pẹ̀lú káún títí omi rẹ̀ fi ki, ó rẹ àkísà sí i, ó tẹ́ ẹ sí àárín ìjókòó àga, ó sì fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí iṣu yóò fi jinná. Nígbà tó ṣí i, ojú ibẹ̀ ti pọ́n roro, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin. Ó da omi rẹ̀ nù, ó fọ ìkòkò.

Gbádébọ̀ dé, ó rí i. Kò pariwo.

"Ta ló ṣe é?"

Ojúọlá kúnlẹ̀. "Báyìí ni mo bá a, Baba. Bóyá ẹni tó kó pòròpórò wọlé ló gbé e lé e. Ẹ jẹ́ ká kúkú pa gbogbo rẹ̀ láró. Pupa yẹ ọlọ́lá. Gbogbo àgbà ìlú ló ń jókòó lé pupa."

"Gbogbo wọn," ni Gbádébọ̀ wí. "Ta ló wá ń jókòó lé funfun? Èmi nìkan." Ó yíjú sí gbogbo ilé. "Ìyá Ṣubú ló gba àga yìí lọ́wọ́ ikú lọ́jọ́sí. Òun náà ni yóò tún gbà á. Mo fi Ọlọ́run búra níwájú gbogbo yín: lọ́jọ́ tí ìjókòó yìí bá funfun, lọ́jọ́ náà ni yóò lọ sí Tẹ̀dé, n kò sì ní béèrè ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì funfun, kò ní fẹsẹ̀ kan jáde nílé yìí."

Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n rò pé ojú àánú ló fi wò ó. Ojúọlá nìkan ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ kejì tí baba rẹ̀ máa ń sọ nípa pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn, èyí tó yẹ kó ti rántí kó tó gbé ìkòkò kaná: pupa bàbà kì í jáde lára awọ. Awọ ló máa ń gbó tán, tí pupa á ṣì wà níbẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sì ti ju kọ́kọ́rọ́ sínú kànga.

Àwáwù bá a ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó yá. "Ìyálé mi, mo rí èèpo bàbà tí ẹ dà sídìí ògiri."

"Ta lo ti sọ fún?"

"N kò sọ fún ẹnì kankan. Ṣé kí n sọ?"

"Bí o bá sọ, Baba kò ní jẹ́ kí n fojú kan ọ̀nà Tẹ̀dé mọ́ láyé," ni Ojúọlá wí. "Bí o kò bá sì sọ, síbẹ̀ náà kò ní funfun. Wá bá mi lọ ẹfun."

Wọ́n lọ ẹfun. Ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún. Pupa náà ṣí díẹ̀, kò lọ. Ó fi eérú nù ún. Ó tún pọ́n sí i. Ó nù ún ní àárọ̀, ó nù ún ní ọ̀sán, awọ ń fẹ́lẹ́ sí i, pupa ń wò ó. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, Mùílì dé pẹ̀lú ẹrù iyọ̀ rẹ̀.

"Ìyá, Ṣubúọlá ní kí n sọ fún yín pé oyún ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ń wo ọ̀nà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ti ń bọ̀ lókèèrè, òun máa ń rò pé ẹ̀yin ni."

Ojúọlá sunkún nígbà tó lọ tán, ó sunkún dáadáa, kò sì fi pamọ́ fún Àwáwù. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó sì ṣe ohun kan tí baba rẹ̀ ìbá nà án fún. Ó po ẹfun mọ́ òrí díẹ̀, ó fi kun orí pupa náà, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún un kun, ó wá fi òkúta dídán yí i títí ojú rẹ̀ fi bá ara àga mu. Àrékérekè ni. Oníṣọ̀nà kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó sáà ti funfun fún ìwọ̀n ìgbà tí òun yóò fi kọjá odi ìlú.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Gbádébọ̀ wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú sún mọ́ ọn. Kò fọwọ́ kàn án, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin pé ọwọ́ mìíràn kò gbọdọ̀ kàn án. "Ó funfun," ló wí, ojú rẹ̀ sì kún fún ayọ̀. "Ìyá Ṣubú, ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Mo ti búra. Máa lọ."

Kò dúró jẹun. Ó gbé ẹrù rẹ̀, igbá òrí ló wà lókè pátápátá, ó dágbére, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Oòrùn ti mú díẹ̀. Ó ń rìn bí ọmọge, ó ń ka ibi tí yóò sùn àti ibi tí yóò ti mu omi. Bó bá di ọ̀sán ọ̀la, yóò ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Nílé, wọ́n kírun Jímọ̀ tán, àlejò dé. Gbádébọ̀ wọ agbádá ẹtù rẹ̀, èyí tó dúdú tó ń dán, ó jókòó lórí àga, ó sì ń sọ fún wọn bí àga ṣe ṣàìsàn tó sì sàn. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ọyẹ́ ti mú kí ẹfun náà gbẹ, ìdí Gbádébọ̀ sì gbóná. Nígbà tó dìde láti sin àgbà kan dé ẹnu ọ̀nà, àgbà náà wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Gbádébọ̀," ló wí, "ta ló fi ẹfun lẹ̀ ọ́ nídìí?"

Funfun kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ló wà nídìí agbádá ẹtù, ó tẹ́ rẹrẹ. Ọ̀ọ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Gbádébọ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó tó yíjú wo àga. Pupa ti jáde, ó ń wò wọ́n.

Àwáwù ni wọ́n rán. Ó sáré títí di ìrọ̀lẹ́, ó bá Ojúọlá ní ìdí igi irú kan lójú ọ̀nà, níbi tó ti ń sinmi. "Ìyálé mi, ẹ dúró." Ó ń mí gúlegúle. "Ẹfun ti bọ́. Baba ní kí ẹ padà."

Ojúọlá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ máa lọ," ni Àwáwù wí. "N ó ní n kò bá yín lọ́nà."

Ọ̀nà Tẹ̀dé wà níwájú rẹ̀, ó pupa, ó tẹ́ lọ títí, kò sí ẹnì kan lórí rẹ̀. Ó rò ó pé ọ̀la ni ọkùnrin méjì tí Gbádébọ̀ rán yóò dé ilé àna ọmọ òun, tí wọn yóò sì máa fa òun lọ́wọ́ lójú Ṣubúọlá tó ń rọbí. Ó rò ó, ó sì mọ̀ pé kò sí ọgbọ́n mọ́.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló bọ́ ni, àbí àárín nìkan?" ló béèrè.

"Àárín nìkan."

Ojúọlá yí padà. Àwáwù bá a gbé ẹrù náà.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà ni Mùílì tún dé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń kígbe ẹ kú oríire. Obìnrin ni wọ́n bí. Tìyá tọmọ, àlàáfíà ni. Ojúọlá wà nídìí àga, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó dúpẹ́. Ọmọ náà ti lé lọ́dún mẹ́rin kí ìyá ìyá rẹ̀ tó fojú kàn án, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ti ọjọ́ yìí ná.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?" ló bi Mùílì.

"Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Wọ́n dúró dè yín díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé omi padà sórí iná."

"Kí ni Ṣubúọlá ní kí o sọ fún mi?"

Mùílì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó kún fún erùpẹ̀. "Ó ní kí n sọ pé omi ti tutù."

Gbádébọ̀ jáde wá, ó gbọ́, inú rẹ̀ dùn gidi, ó ṣàdúrà gígùn fún ọmọ. Ó wá yíjú sí Ojúọlá. "O rí i bí Ọlọ́run ti ṣe é? Ìkánjú ti tán nìyẹn. Máa fara balẹ̀ ṣe é títí yóò fi funfun." Ó bẹ̀rẹ̀ wo àga. "Ẹfun ti gbẹ awọ yìí jù. Ó ń sán. Òrí tó dára ló fẹ́, gbogbo èyí tó mọ́ ló sì ti lọ pẹ̀lú ẹrù ọjà." Ó ronú díẹ̀. "Èyí tí o rọ sínú igbá ńkọ́? Wọn kò lè ṣaláì ní òrí ní Tẹ̀dé."

Àwáwù gbójú sílẹ̀. Ojúọlá dìde, ó wọlé lọ, ó gbé igbá ọlọ́mọrí náà jáde. Ó tú òwú rẹ̀. Òrí náà funfun, ó mọ́, ojú rẹ̀ tẹ́jú bó ṣe rọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi ìka bù ú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àga, ó wá sí èjìká rẹ̀, ó ra apá ọ̀tún, ó ra apá òsì, ó ra ibi tí apá ti ká wọlé, kò sáré, kò fo ibì kankan. Nígbà tí ó dé àárín ìjókòó, ó tún bu òrí sí i.